Ojú Rẹ, Ojú Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ. Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí Ìyá Oníbọ́tìnnì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn yín ló dúró sí tó ń yọjú wo lẹ́tà yìí, ẹ ní mo rí i.

Èmi wà dáadáa. Ilé ìwòsàn ńlá yẹn ni mo ṣì wà, ní yàrá tí a ti ń lọ aṣọ ibùsùn wọn. Aṣọ funfun láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Bí a bá ń lọ̀ ọ́, ooru rẹ̀ á máa lu èèyàn lójú; bí a bá sì jáde síta, òtútù á gbà á lọ́wọ́ ooru. Láàárín àwọn méjèèjì, ojú mi gbẹ bíi bébà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ṣí wẹ́wẹ́. Àmì dúdú abẹ́ ojú òsì mi nìkan ló ṣì jọ ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ojú. Ọṣẹ tí mo fi ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Obìnrin tó ń ta òògùn nísàlẹ̀ ilé wa ló fà mí lọ́wọ́ lọ síbi fèrèsé, ó wò mí títí, ó ní, “Àbúrò, ta lo ń bá jà?” Ó ní kí n kó gbogbo rádaràda tí mo ti rà dànù. Ọṣẹ pẹ̀lẹ́ tí kò ní òórùn, àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí n má fi aṣọ ìnura ha ojú, kí n kàn fi tẹ̀ ẹ́. Kí n fi ìpara sí i nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jáde láàárọ̀, kí n fi èyí tó ń dènà oòrùn lé e. Ó parí. Ó ní ohun tó bá ti ju ìyẹn lọ, àṣejù ni.

Torí náà mo ti ń bójú láàárọ̀ àti lálẹ́ báyìí, mi ò sì í fò ó. Ìgbà tí mo bá dúró síwájú dígí tí ìpara kún ọwọ́ mi, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí. Abọ́ omi kan ṣoṣo. Ẹ ó kọ́kọ́ fọ tiyín, ẹ ó wá fa orí mi mọ́ra, ẹ ó ní, “Ojú rẹ, ojú mi.” Èmi náà ti ń sọ ọ́ sínú dígí bíi wèrè. Ó máa ń jẹ́ kí ilé kún díẹ̀.

Kí ni ẹ̀yin lò nígbà tí ẹ wà lọ́jọ́ orí mi? Fọ́tò tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ńkọ́? Ẹ kì í fẹ́ fóònù, ẹ ní ohùn tí kò lójú ń bà yín lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ̀yìn orí yín àti ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń rí. Ojú yín ni mo fẹ́ rí o.

Èmi ni Dúdúyẹmí yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Dúdúyẹmí ọmọ mi,

O kú àjò. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ẹ ná kí n tó bínú.

Ó yá. O ń bó kí ni? Mo fi gíláàsì ìkàwé sójú, mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún fi sójú. “Mo ti ń bójú láàárọ̀ àti lálẹ́.” Ọmọ tó ń dán lọ́wọ́ agbẹ̀bí, tí mo sọ ní Dúdúyẹmí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e, òun ló wá lọ sí ìlú onílùú tó ń bó ojú bí ẹni ń bó ọsàn! Àárọ̀ nìkan kò tó ọ, o tún fi alẹ́ kún un! Ìyá Oníbọ́tìnnì ní kí n fara balẹ̀, pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, èmi kọ́ ni mo bí gbogbo wọn.

O béèrè ohun tí mo lò. Omi ni mo lò. Omi àti ọṣẹ, àti básílìnnì nígbà tó bá wà. Àwọn oníbàárà sì ń yà wò mí. Ojú yẹn náà ni mo fún ẹ, àfi àmì abẹ́ ojú òsì tí mi ò mọ ibi tó o ti rí i. Má fi ojú mi ṣeré.

Ti fọ́tò, kí lo fẹ́ fi ojú arúgbó ṣe? Bó o bá wálé, wàá wò ó títí yóò fi sú ẹ. Láti ọdún mẹ́fà lo ti ń bọ̀.

Fèsì kíá, kí o sì sọ fún mi pé o ti da ọṣẹ náà nù.

Ìyá rẹ tó ń bínú.


Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Bọ́jú ni mo kọ! Kí èèyàn fi omi bọ́jú! Mi ò bó nǹkan kan. Èmi tí ẹ fi rúlà ìwọnṣọ gbá lọ́wọ́ torí àmì tí mo máa ń gbàgbé lábẹ́ “ọ”, ṣé èmi ni mo máa gbàgbé rẹ̀? Ẹ tún lẹ́tà náà wò. Ó dá mi lójú pé mo fi sí i. Mo tilẹ̀ tẹ bíírò mọ́ ọn débi tí bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nǹkan mìíràn tún ti kúrò ní àyè rẹ̀. Àmì dúdú abẹ́ ojú mi. Ó kọ́kọ́ ṣá, mo rò pé ìpara ló bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ yìí mo bọ́jú tán, mo gbé orí sókè, kò sí mọ́. Awọ ibẹ̀ mọ́ kedere bíi pé nǹkan kan kò síbẹ̀ rí. Obìnrin olóògùn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í bá ọṣẹ lọ. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mi ò ṣi òsì mú fún ọ̀tún.

Ojú mi kò ṣí wẹ́wẹ́ mọ́, ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń hun jọ. Ìlà ti là sí iwájú orí mi. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi á ká, kì í sì í tètè tú. Obìnrin tí mo ní a jọ ń ká aṣọ yẹn, tó jù mí lọ dáadáa, ó dìde fún mi lánàá pé kí n jókòó.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù ni ti ìpéǹpéjú ọ̀tún. Irun rẹ̀ ti fi àyè kan sílẹ̀, àpá tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀. Mo mọ àpá yẹn. Tiyín ni, ibi tí àlùmọ́gàjí ti ge yín nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́. Báwo ló ṣe dé ojú mi? Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Oníbọ́tìnnì ka ibí yìí.

Dúdúyẹmí yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Dúdúyẹmí,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ náà síta gbangba, mo wò ó nínú oòrùn. Kò sí àmì kankan lábẹ́ “ọ” yẹn. Ṣùgbọ́n kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, bí ibi tí ojú abẹ́rẹ́ ti wọ aṣọ. Nítorí náà mo gbà pé o fi sí i. Ibi tó gbà lọ ni mi ò mọ̀.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Ojú mi ń dán. Ìlà iwájú orí mi ti lọ, àpá àlùmọ́gàjí ti lọ. Obìnrin kan gbé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ wá, ó ní òun ń wá ìyá mi. Mo ní èmi ni ìyá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó ní òun á dúró dè wọ́n. Mo gé aṣọ náà lójú rẹ̀, mo rán an lójú rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Ìyá Oníbọ́tìnnì ní kí n dárúkọ ìpara náà fún òun. Mo ní mi ò lo ìpara kankan. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní ahun ni mí.

Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó kúrò lórí ibùsùn, ojú mi á tutù. Mo máa ń mọ̀ ọ́n bí omi. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ á dé. Mi ò rí ọwọ́ kankan o, ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ̀ bí ọwọ́ bá ń pa nǹkan sí i lójú? Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà fẹ́ràn mi. Mo máa ń dijú fún un.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ, inú mi dùn. Nǹkan kan tó ń dà mí láàmú ti kúrò lójú mi, nǹkan kan sì ti dé. Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o máa gbé ojú mi kiri. Ó ti gbó. Kí lo ń ṣe gan-an síwájú dígí yẹn? Kọ gbogbo rẹ̀, má fo ọ̀kan.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ohun tí mo ń ṣe kò ju èyí tí mo ti sọ: omi, ọṣẹ, ìpara. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ, ojú yín kò kúrò. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò pààrọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, kí n tó mọ̀, mo ti sọ ọ́. Ojú rẹ, ojú mi. Dígí kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti sọ ọ́ tán, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń dúró de nǹkan lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ gbé e lọ. Nǹkan kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi lápá ọ̀tún. Kò tóbi ju bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ lọ. Kò dùn mí. Etí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ á là, á sun ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, á gbẹ, á tún là. Mo ní kí obìnrin olóògùn fún mi ní nǹkan tí mo lè fi pa á. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò ní ta ohunkóhun fún mi mọ́ àfi bí dọ́kítà bá rí i. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti pẹ́ lójú ẹni tó ni ín.” Mo ní èmi ni mo ni ín.

Ǹjẹ́ ẹ ti ní irú rẹ̀ rí?

Dúdúyẹmí.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láàárín apá aṣọ láti kọ èyí.

Tèmi ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má fi falẹ̀, pé gígé ni wọ́n máa gé e, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gé níbí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi ń rí ẹ̀yìn orí mi nínú fọ́tò. Mi ò fẹ́ kí o sunkún níbi tí ọwọ́ mi kò ti lè tó ojú rẹ. Nígbà tó kúrò, mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ó sàn ni. Kò sàn, ó rìn ni.

Gbọ́ mi dáadáa. O gbàgbé ìdajì eré náà. Bí mo bá ti sọ pé, “Ojú rẹ, ojú mi,” ìwọ á dáhùn, tìwọ ti ọṣẹ lẹ́nu: “Kálukú mú tirẹ̀!” Ìgbà yẹn ni mo tó máa ń tú orí rẹ sílẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é fún mi nìyẹn, èmi náà á sì dáhùn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé wọn kì í fi í sílẹ̀ láìdáhùn. Mo rò pé ó fẹ́ kí n dúró jẹ́ẹ́ ni.

O ti ń pè é láti oṣù kejì, o ò sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbìyànjú láti dáhùn fún ẹ níbí. Mo pariwo rẹ̀ sínú abọ́ omi títí àwọn aládùúgbò fi jáde. Kò ṣiṣẹ́. Ọmọ ló ń dáhùn.

Nítorí náà, fi lẹ́tà yìí sílẹ̀, lọ síwájú dígí, kí o dáhùn, kí tèmi padà wá bá mi. Mo ti lo ojú mi tó. Ìwọ ò tíì lo tìrẹ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Dúdúyẹmí,

Mi ò rí èsì. Láràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ imú mi, láràárọ̀ ló ń dán. Mo ń ṣépè fún dídán náà. Bó o bá ti dáhùn, ojú mi ì bá ti mọ̀.

Ọwọ́ tó ń wá láàárọ̀ kò wá mọ́. Mo máa ń dùbúlẹ̀ dè é. Ṣé o wà láyé?

Ìjàyà ló jẹ́ kí n bẹ Ìyá Oníbọ́tìnnì pé kó fi fóònù rẹ̀ pè ẹ́. A ti parí ìjà. Ó dún, wọ́n gbé e. Ohùn mi ló wà níbẹ̀. Ohùn èmi gan-an ló ní, “Ta ni yẹn?” Mo fi fóònù náà sílẹ̀ lórí aṣọ tí mo ń gé, mo sì jáde síta.

Ọmọ yìí, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọyàn tó o mu. Dáhùn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Màámi,

Ẹ má bínú. Mo rí lẹ́tà yín méjèèjì. Èmi ni mo gbé fóònù yẹn. Mo ń pè yín, ẹ ò sì dá mi lóhùn.

Mo lọ síwájú dígí lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé. Mo la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, Màámi. Gbogbo yín pátá: ìlà iwájú orí, ìpéǹpéjú tí irun rẹ̀ pín sí méjì, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń ká bí ẹ bá fẹ́ bínú. Láti ọdún mẹ́fà ni mo ti fẹ́ rí yín. Mo fọwọ́ kàn yín lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì pa ẹnu mi dé.

Bí mo bá dáhùn, ọ̀dọ̀ yín ni ọgbẹ́ yìí ń bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gé níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n gé níbí. Ilé ìwòsàn wa ló gbà mí. Orí aṣọ tí mo lọ̀ fúnra mi ni wọ́n máa tẹ́ mi sí. Dọ́kítà ní ó pẹ́ kí n tó wá, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Mo sọ. Ó wo ojú mi, ó tún béèrè. Mo tún sọ. Ó gbé bíírò rẹ̀ sílẹ̀, kò kọ nǹkan kan.

Wọ́n ní kí n dá ìpara dúró títí wọn ó fi gé e, òun ni ẹ kò fi rí ọwọ́ mi láàárọ̀. Ojú yín á gbẹ díẹ̀, ẹ fi básílìnnì pa á. Nígbà tí wọ́n bá gé e, tó jinná, tí wọ́n sì ní kò ku nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni mo máa dáhùn. Mi ò ní dáhùn ṣáájú ìgbà náà, bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ́gi lé mi lórí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ojú náà ṣáà ni mo ní mo fẹ́ kọ́.

Dúdúyẹmí yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Dúdúyẹmí, ọmọ mi,

O kú ewu. O kú ìrójú. Mi ò mọ ìkíni tí mo lè kí ẹ tó máa tó.

Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n gé e. Ìdajì ojú mi kú, mi ò mọ ìgbà tí mo fi pín-ìnnì gún ara mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù títí ó fi jí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe sunkún nígbà tí bàbá rẹ kú.

Lánàá mo ń bọ́jú (wò ó, mo ti fi àmì sí i), ọwọ́ mi kan nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Mo gbé dígí. Ìlà iwájú orí ti dé, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ti ká, àpá àlùmọ́gàjí wà láyè rẹ̀. Mo kí gbogbo wọn káàbọ̀. Ọgbẹ́ náà kò bá wọn wá. Ojú rírán ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi gíláàsì ìkàwé yẹ̀ ẹ́ wò: kò hun, kò fà. Bí ẹni tó rán an bá ń wá iṣẹ́, mo máa gbà á.

Obìnrin tó wá rán yúnífọ́ọ̀mù náà padà wá. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ dé yìí! Ọmọ yín obìnrin ló rán tọjọ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n rán jù yín lọ.” Mo ní òótọ́ ni. Ìyá Oníbọ́tìnnì ní ìpara mi ti tán nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn.

Fọ́tò wà nínú àpòòwé yìí. Ojú mi ni. Wò ó dáadáa, wo abẹ́ ojú òsì. Kì í ṣe ìdọ̀tí, àmì dúdú tìrẹ ni, má fọwọ́ nù ún. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ dé ni mo ti rí i lójú mi, mi ò sọ fún ẹ. Lánàá tí ohun gbogbo lọ sí àyè rẹ̀, òun nìkan ló jókòó tí kò lọ. Àmì tó o ní o fi sábẹ́ “ọ”, tó o tẹ̀ débi tí bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, ibí ló wà. Mo ń bọ́jú fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń fi básílìnnì pa á.

O ti fi ẹnu dáhùn, ó ku kí o fi ẹsẹ̀ dáhùn. Mi ò ní fi í ránṣẹ́. Wá mú tìrẹ.

Ìyá rẹ.